Aundh: Ọba Tó Dá Agbára Padà Fún Ará Ìlú

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lórí Íńdíà, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣàkóso fúnra wọn. Àwọn ọba ìbílẹ̀ tó lé ní 500 ṣì wà lórí oyè. Ọba ló ń gba owó orí, òun ló ń dájọ́, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú ọba wọ̀nyí ni Aundh, ní apá Satara, ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Abúlé 72 péré ló ní, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì so mọ́ra, nítorí ilẹ̀ ẹlòmíràn là á láàárín. Ọ̀dá kì í sì í jìnnà síbẹ̀.

Aṣojú ọba Maratha, ìjọba tó wà lórí ilẹ̀ náà kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á, ni àwọn baba ńlá ọba Aundh, Pratinidhi sì ni orúkọ oyè wọn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Maratha ní 1818, wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ìdílé yìí.

Bhawanrao gorí oyè ní 1909. Ayàwòrán ni, ó sì fẹ́ràn eré ìdárayá Surya Namaskar débi pé ó kọ ìwé lé e lórí. Ní 1910, nígbà tí Laxmanrao Kirloskar, tó ń rọ ohun èlò oko, kò rí ibi gbé ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí mọ́ ní Belgaum, Bhawanrao fún un nílẹ̀, ó sì yá a lówó. Aṣálẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tó kún fún ejò ni ilẹ̀ ọ̀hún. Ó di ìlú, Kirloskarwadi ni wọ́n ń pè é.

Ní ìparí 1938, Bhawanrao kéde pé òun fẹ́ fa ìṣàkóso lé ará ìlú lọ́wọ́. Apa Pant, ọmọ rẹ̀, àti Maurice Frydman, onímọ̀ ẹ̀rọ láti Pólàńdì, gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Gandhi lọ, Gandhi sì bá wọn to òfin ìṣàkóso tuntun náà. Ó di òfin ní January 1939. Abúlé kọ̀ọ̀kan dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, ìgbìmọ̀ yìí ló ń parí ẹjọ́, apá tó pọ̀ nínú owó orí sì ń padà sọ́wọ́ abúlé. Ní Rajkot, ìlú ọba mìíràn, ní àkókò yìí gan-an, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń sọ àwọn tó bèèrè irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ sí. Ti Bhawanrao wú mi lórí gan-an, nítorí ó yọ̀ǹda agbára ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù pé wọ́n fọkàn tán àwọn èèyàn ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Swatantrapur, tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí Atpadi ní 1939. Kò ní odi, kò ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn tó ti pààyàn rí wà lára àwọn tó ń dáko níbẹ̀, ìyàwó àti ọmọ sì lè bá wọn gbé. Ibẹ̀ ni V. Shantaram, olùdarí fíìmù, ti rí ìtàn fíìmù rẹ̀ ti 1957, Do Aankhen Barah Haath.

Òmìnira Íńdíà ló fòpin sí Aundh. Ní March 1948 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ìpínlẹ̀ Bombay, ìṣàkóso tí abúlé ń ṣe fúnra rẹ̀ sì dópin. Àdánù ńlá ni, torí ètò tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n pa tì. Apa Pant lọ ṣojú Íńdíà ní Nairobi. Ṣùgbọ́n ọgbà ẹ̀wọ̀n Swatantrapur ṣì wà títí dòní.