Irin Àlòkù Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Bí kẹ̀kẹ́ yín bá bàjẹ́ pátápátá, kí ni ẹ ń fi irin rẹ̀ ṣe? Púpọ̀ nínú wa a máa jù ú sí ẹ̀yìn ilé, kí ó máa dípẹtà. Ẹ fetí sí ìtàn yìí.

Ní ọdún 1942, ogun wà ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ará Jámánì ti gba ìlú Paris. Wọ́n ń wó ọ̀pọ̀ ère idẹ ìgboro, wọ́n ń yọ́ wọn. Oníṣẹ́ ọnà kan wà ní Paris nígbà náà, Pablo Picasso, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì. Ó rí ìjókòó kẹ̀kẹ́ kan àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kan láàrin ohun àlòkù. Ó yí ẹnu ìjókòó náà sí ìsàlẹ̀, ó di ojú akọ màlúù. Ó fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lé e lórí, ó di ìwo. Ohun méjì péré ni! Wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri. Títí di òní, àwọn ènìyàn ń lọ wò ó ní Paris.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n Òyìnbó nìkan nìyẹn. Ẹ wo ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ṣáájú Picasso, ní nǹkan bí ọdún 1858, alágbẹ̀dẹ kan ti ṣe ère Gu fún Ọba Glèlè ní Àgbómẹ̀. Gu yìí ni àwa Nàgó ń pè ní Ògún. Irin tí ó ti ọ̀dọ̀ Òyìnbó wá ni ó tún rọ. Ó sì to oríṣiríṣi ohun èlò irin sí orí ère náà bí adé.

Nígbà tí ogun Faransé dé, wọ́n gbé ère náà lọ. Ní 1894, ó wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń yìn ín níbẹ̀ láì dárúkọ ẹni tí ó rọ ọ́. Akati Ekplékendo ni orúkọ rẹ̀. Ní 2021, Faransé dá ohun 26 padà fún Benin. Ère Gu yìí kò sí lára wọn.

Iṣẹ́ náà kò parun. Ní Àjàṣẹ́, Calixte Dakpogan, ọmọ ìdílé alágbẹ̀dẹ, fi irin ọkọ̀ àti alùpùpù tó ti bàjẹ́ ṣe ère. Wọ́n gbé ère rẹ̀ jáde níbi àjọ̀dún ńlá ní Ouidah ní 1993.

Nítorí náà, ẹ wo irin ẹ̀yìn ilé yín dáadáa. Bí ọmọ yín bá fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti ṣéènì ṣe ohun ẹ̀ṣọ́, ẹ má bá a wí. Ẹ gbé e kọ́ ara ògiri. Ẹ ti mọ̀wé báyìí: ẹ kọ orúkọ ọmọ náà àti ọdún tí ó ṣe é sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ayé mọ orúkọ Picasso. Díẹ̀ ni ó kù kí orúkọ Akati sọnù.