Kàkàkí Tí Gbogbo Ayé Ń Fọn: Ìtàn Ètò Kọ̀ǹpútà Tí A Kò Rà

Àwọn àgbà ní ẹni tó jí kàkàkí ọba kò ríbi tí yóò ti fọn ọ́n. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà jẹ́ kàkàkí tí wọ́n ń jí, tí wọ́n sì ń fọn ní gbangba. Ọ̀pọ̀ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí a ti ń tẹ ìwé ìdánwò, lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ìwé ètò ìsìnkú, Word tí ẹnikẹ́ni kò rà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ mọ ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ìlú àwọn tálákà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1975, ìwé ìròyìn Popular Electronics ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ Altair 8800 sí èèpo ìwájú rẹ̀. Iléeṣẹ́ MITS ní ìlú Albuquerque ló ń tà á. Bill Gates àti Paul Allen, ọ̀dọ́kùnrin méjì, ló kọ BASIC fún un, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ènìyàn lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Àwọn oníbàárà kan ti sanwó sílẹ̀, síbẹ̀ BASIC kò tètè dé. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á ní ẹ̀dínwó gbọ́dọ̀ ra pátákó mẹ́mọ́rì MITS mọ́ ọn, pátákó tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí MITS wá fi ẹ̀rọ náà hàn ní ilé ìtura kan ní Palo Alto, ẹnìkan mú téèpù oníbébà tí BASIC wà lórí rẹ̀ lọ. Wọ́n dà á kọ, wọ́n sì pín in ní ìpàdé ẹgbẹ́ Homebrew Computer Club. Ohun tí wọ́n ní kí ẹni tó bá mú ẹyọ kan ṣe ni pé kó mú méjì padà wá.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976, Gates kọ lẹ́tà ìta gbangba sí wọn. Ó ní olè ni ọ̀pọ̀ wọn. Ó ní àwọn tó ra BASIC kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tó ní Altair, àti pé bí a bá pín owó tó wọlé sí wákàtí tí àwọn fi ṣiṣẹ́, kò tó dọ́là méjì fún wákàtí kan. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó ń jẹ ẹ́ wà níbòòji. N kò lè bá a jiyàn lórí èyí. Àmọ́ ní ọdún yẹn kan náà, Tom Pittman kọ Tiny BASIC, ó ń tà á ní dọ́là márùn-ún péré, àwọn ènìyàn sì rà á. Ohun tí apá ká kì í tètè sọni di olè.

Òfin dé lẹ́yìn náà. Amẹ́ríkà fi ètò kọ̀ǹpútà sábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ní 1980. Nàìjíríà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú òfin ti 1988. Síbẹ̀ àdàkọ kò dáwọ́ dúró. Ní 1998, Gates fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan pé bí àwọn ará Ṣáínà bá máa jí ètò, ti iléeṣẹ́ òun ló wu òun kí wọ́n jí. Ó ní yóò mọ́ wọn lára, àwọn yóò sì wá ọ̀nà gbowó lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó figbe ta ní 1976 ti wá rí èrè nínú olè.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú nípa tiwa. Lóòótọ́, owó wà níbẹ̀. Ní 2024, owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà di ₦70,000. Office 2024 fún ìlò ilé jẹ́ nǹkan bí $150 ní Amẹ́ríkà. Ní iye tí dọ́là jẹ́ ní ìparí ọdún náà, ó ju owó oṣù mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó nìkan ni, LibreOffice wà láti 2010, ọ̀fẹ́ ni, ó sì bófin mu. Kí ló dé tí a kò lò ó? Word ni wọ́n fi kọ́ wa, Word ni agbanisíṣẹ́ ń béèrè, bí a bá sì ṣí iṣẹ́ tiwa níbòmíràn, ìlà rẹ̀ lè yẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára.

Èmi náà kò mọ́. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ti kọ́kọ́ tẹ àròkọ yìí, ìlà pupa tó ń sọ pé wọn kò ra ètò náà sì wà lókè ojú ẹ̀rọ. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí tán, mo tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú LibreOffice lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sán kan gbáko ni mo fi ṣe é, nítorí n kò mọ ibi tí nǹkan wà. Ká ní iléèwé ló kọ́ mi ni, n kò bá má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ wa ní èyí tí a lè fọn ní gbangba láìjí i.