Ẹ̀jẹ̀, Iná àti Àkókò: Ìtàn Kúkúrú nípa Yíya Àwòrán Iṣẹ́ Ọpọlọ

Ìbéèrè méjì ni onímọ̀ ọpọlọ ń bi ẹ̀rọ rẹ̀: níbo ni iṣẹ́ ti ń lọ, àti nígbà wo gan-an? Ìtàn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún fi hàn pé ẹ̀rọ tó bá dáhùn ọ̀kan dáadáa kì í sábà dáhùn èkejì.

Ìbéèrè nípa àkókò ni a kọ́kọ́ rí ìdáhùn sí. Ní ìlú Jena, ní Jámánì, Hans Berger gba àmì iná mànàmáná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ ní 1924, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1929. Ọ̀pọ̀ ni kò gbà á gbọ́ títí Adrian àti Matthews fi rí ohun kan náà ní Cambridge ní 1934. Ọ̀nà yìí, EEG, lè tẹ̀lé àyípadà tó wáyé láàárín ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n agbárí a máa fọ́n àmì náà ká, orírun rẹ̀ a sì fara sin.

Ní 1990, Seiji Ogawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ MRI lè rí ìyípadà ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ. Nígbà tó fi di 1992, a ti ń fi í ya àwòrán iṣẹ́ ọpọlọ ènìyàn. Ibi iṣẹ́ wá hàn, àmọ́ àkókò fà sẹ́yìn, nítorí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kì í dé góńgó kí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 tó kọjá.

Àwọn kan mú ẹ̀rọ yára. Ọ̀nà tí Peter Mansfield gbé kalẹ̀ ní 1977 ni wọ́n kọ́lé lé, wọ́n sì ń ya ọ̀pọ̀ ìpele ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú iṣẹ́ Human Connectome Project, ìṣẹ́jú àáyá 0.72 tó láti ya gbogbo ọpọlọ. Èyí mú kí ó rọrùn láti ya ariwo èémí àti ìlùkìkì ọkàn sọ́tọ̀. Síbẹ̀, bí ayàwòrán ti wù kó yára tó, ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà kò ní tìtorí rẹ̀ tètè dé: ẹ̀jẹ̀ kò yí ìrìn padà.

Àwọn mìíràn so EEG pọ̀ mọ́ MRI. Àǹfààní rẹ̀ hàn lára àwọn tó ní wárápá: àmì àìsàn náà lè má pẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. EEG a sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, MRI a tọ́ka sí ibi tó ṣeé ṣe kó ti wá, kí oníṣẹ́ abẹ má baà gé ibi tí kò lẹ́bi.

Nítorí náà, ìtàn yìí kì í ṣe ti eré sísá nìkan. Kí a tó bèèrè bí ẹ̀rọ ti yára tó, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń wọ̀n: iná ni, tàbí ẹ̀jẹ̀?