Ẹ Má Di Gbogbo Ẹ̀bi Ru Ẹranko Igbó: Àtúnṣe Lórí Àrùn Ẹran Ọ̀sìn ní Alímọ̀ṣọ́

Bí àìsàn bá bẹ́ sáàárín ewúrẹ́, àgbò tàbí adìyẹ ní Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndò, ọ̀rọ̀ méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń sìn wọ́n. Àwọn kan á ní òkété tó gbẹ́ ihò sẹ́yìn ògiri, tàbí ẹyẹ tó ń bà lé ilé adìyẹ, ló kó àrùn wá. Àwọn mìíràn á ní kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kò lè mú ẹran tàwọn, torí pé ilé ti gba gbogbo Alímọ̀ṣọ́, igbó ò sí mọ́. Ìdí kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá: pé inú ẹranko igbó ni kòkòrò tó ń pa ẹran ọ̀sìn fi ṣe ilé, àti pé níbi tí ẹranko igbó ò bá sí, kò séwu. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò ó kò tọ̀nà, ó sì ń ná àwọn olóhun-ọ̀sìn lówó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí òótọ́ náà ti wá. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, David Bruce, lọ sí ilẹ̀ Zulu ní Gúúsù Áfíríkà láti wádìí àrùn nágánà tó ń rún màlúù. Àrùn yìí náà ni àwọn darandaran Fúlàní àti Hausa ń pè ní sámórè. Bruce rí kòkòrò Trypanosoma nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, ó fi hàn pé eṣinṣin tsetse ló ń gbé e kiri, ó sì tún rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹranko igbó bí ẹfọ̀n àti ìgalà tí ara wọn le koko. Ní 1896 sí 1897, àjàkálẹ̀ àrùn rinderpest pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ màlúù àti ẹranko igbó ní gúúsù Áfíríkà. Eṣinṣin tsetse pòórá ní ibi púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn alákòóso rò pé àwọn ti rí òògùn: ẹ pa ẹranko igbó, àrùn á tán.

Wọ́n sì pa wọ́n lóòótọ́. Láti ogún ọdún àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún ogún títí di àwọn ọdún 1960, ìjọba Rhodesia ní kí ọdẹ máa yìnbọn pa ẹranko lọ lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Bákan náà ló rí ní ilẹ̀ Zulu fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn kọ́ ló parí ọ̀rọ̀ tsetse níbẹ̀. Òògùn apakòkòrò tí ọkọ̀ òfurufú fọ́n láti 1945 ló parí rẹ̀. Ó dùn mí gidigidi láti ronú iye ẹ̀mí tó ṣòfò, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹranko tí wọ́n pa ni eṣinṣin náà kì í fẹ́ẹ́ mu ẹ̀jẹ̀ wọn. B. Weitz, tó yẹ ẹ̀jẹ̀ inú ikùn eṣinṣin tsetse wò, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1963, rí i pé ẹ̀jẹ̀ ìmàdò àti ìgalà ni àwọn irú tsetse kan ń mu jù. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú igbó kan náà, eṣinṣin ò kà á sí. Ní gúúsù Nàìjíríà tiwa, àwọn irú tsetse tó ń gbé etí odò máa ń mu ẹ̀jẹ̀ awọ́nríwọ́n àti ọ̀nì, wọ́n ń mu ti ènìyàn, wọ́n sì fẹ́ràn ẹlẹ́dẹ̀ ilé. Ìbọn ọdẹ kò lè yanjú èyí.

Ohun tí Bruce fi hàn ni pé ẹranko igbó lè ru kòkòrò láìṣàìsàn. Kò fi hàn pé gbogbo ẹranko tó bá ru kòkòrò ni ibùdó àrùn fún ẹran wa. Kí ẹranko kan tó lè jẹ́ ibùdó, kòkòrò náà gbọ́dọ̀ lè máa bá a gbé pẹ́ títí, ohun kan sì gbọ́dọ̀ wà tó ń gbé e láti ara rẹ̀ dé ara ẹran ọ̀sìn déédéé. Bí a bá fi èyí wọn òkété ẹ̀yìn ògiri, ẹ̀bi rẹ̀ kéré. Bí a bá fi wọn ẹran ọ̀sìn fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Erinlá, màlúù kékeré tí kò ní iké tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa látayébáyé, lè ru Trypanosoma kó má dùbúlẹ̀ àìsàn. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Màlúù tó ti ṣàìsàn tó sì gbádùn lè máa gbé kòkòrò náà kiri fún oṣù púpọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, kó wo Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò sí eṣinṣin tsetse níbẹ̀, kò sí ẹranko igbó Áfíríkà. Síbẹ̀, láti 1919 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Trypanosoma vivax wà nínú màlúù ní French Guiana. Inú ẹ̀jẹ̀ màlúù tí ọkọ̀ ojú omi kó láti Áfíríkà ni a gbà pé ó bá dé, àwọn eṣinṣin mìíràn tó ń ta ẹran ló sì ń fi ẹnu wọn gbé e láti ara màlúù kan sí òmíràn. Abẹ́rẹ́ tí a fi gún ẹran kan tẹ̀lé òmíràn láìsè é lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ti eégbọn sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2004, orílẹ̀-èdè Benin ra màlúù Girolando láti Brazil fún wàrà. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi rí eégbọn Rhipicephalus microplus níbẹ̀, irú èyí tó ń gbé kòkòrò Babesia tó ń fa ìtọ̀ pupa, tí ọ̀pọ̀ òògùn eégbọn kì í sì í ràn mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí i ní Nàìjíríà. Orí màlúù kan ṣoṣo ni eégbọn yìí ti ń dàgbà láti kékeré dé ìgbà tó bá já bọ́ láti yé ẹyin, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò nílò ẹranko igbó rárá. Ibi tí wọ́n bá kó màlúù dé ló ń dé.

Ṣé ẹ wá rí ohun tó kan Alímọ̀ṣọ́? Ọ̀dọ̀ wa ò jìnnà sí odò ẹran Oko-Ọba ní Agége, níbi tí tírélà ti ń já màlúù tó ti òkè ọya wá. Ọjà Kárà náà wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Àgbò Iléyá ń wọ Ìkọ̀tún àti Ẹgbẹ́dá láti ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀, wọ́n á so ó mọ́ ewúrẹ́ tó ti wà nílé, eégbọn á sì kọjá. Igbó ti tán ní Alímọ̀ṣọ́, àmọ́ ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé kò dí. Tírélà ni igbó tiwa.

Ti adìyẹ tilẹ̀ hàn kedere jù. Eimeria tó ń fa coccidiosis, tí adìyẹ fi ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kì í pọ̀ sí i nínú ẹyẹlé tàbí ológoṣẹ́. Ti adìyẹ, adìyẹ nìkan ló ń mú. Ilẹ̀ tútù inú ilé adìyẹ, bàtà ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ, àti àpótí tí a yá lọ́wọ́ aládùúgbò ló ń tàn án ká. Àwọn tó ń sin tòlótòló pọ̀ mọ́ adìyẹ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Adìyẹ lè ru kòkòrò Histomonas kó máa jẹun lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹyin aràn inú ìfun rẹ̀ ni kòkòrò náà ń fara pamọ́ sí, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Tòlótòló tó bá ṣa á jẹ ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Ohun ọ̀sìn ni ibùdó àrùn níhìn-ín.

N ò sọ pé kí a má bẹ̀rù igbó níbikíbi. Níbi tí màlúù bá ń jẹko lẹ́bàá igbó ọba bíi Yankari, tí tsetse sì wà, ẹranko igbó ní ipa tirẹ̀, darandaran tó bá fojú di í á jìyà. Ṣùgbọ́n a kì í mú ìtàn Yankari wá dájọ́ fún Ìgàndò.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olóhun-ọ̀sìn Alímọ̀ṣọ́, ẹ fi òkété àti ẹyẹ sílẹ̀. Ẹran tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ so ó sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ yẹ abẹ́ etí àti abẹ́ ìrù rẹ̀ wò fún eégbọn, kí dókítà ẹran sì wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ó bá rù. Ẹ lo abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹran kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì ya tòlótòló kúrò lọ́dọ̀ adìyẹ lónìí.