Jíju Apá Nígbà Ìrìn àti Agbára Tí Ara Ń Ná

Bí ènìyàn bá ń rìn, apá òsì a máa bá ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ síwájú, apá ọ̀tún a sì máa bá ẹsẹ̀ òsì lọ. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa, a kì í sì í ronú kí a tó ṣe é. Síbẹ̀, ó ní iṣẹ́ pàtàkì tí ó ń ṣe fún ara.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Steven Collins, Peter Adamczyk àti Arthur Kuo, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò mọ̀ọ́mọ̀ mú apá wọn dúró, agbára tí wọ́n fi rìn lé sí i ní ìdá 12 nínú 100. Nígbà tí apá ọ̀tún ń bá ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, tí ti òsì ń bá ti òsì lọ, àlékún náà tó ìdá 26.

Ìdí rẹ̀

Bí ẹsẹ̀ kan bá ti sún síwájú, ó ń fẹ́ yí ara sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá tí ó lọ síwájú ní òdìkejì ni ó ń dẹ́kun yíyí náà. Bí apá kò bá mì, ẹsẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni yóò ru gbogbo rẹ̀. Ìwádìí náà rí i pé ipá tí ẹsẹ̀ fi ń yí mọ́ ilẹ̀ pọ̀ sí i ní ìdá 63 nínú 100. Iṣan èjìká kò sì ṣe làálàá púpọ̀, nítorí pé ìrìn fúnra rẹ̀ ni ó ń mi apá.

Ìmọ̀ràn fún ará ìlú

• Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ jẹ́ kí apá yín rọ̀, kí ó máa mì bí ó ti wù ú. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ àpò tàbí kí ẹ máa tẹ fóònù.
• Ẹni tí ó ń rìn fún eré ìdárayá lè mọ̀ọ́mọ̀ ju apá gidigidi, kí ara lè ná agbára sí i.
• Ẹni tí ó di ẹrù mú lọ́wọ́ méjèèjì kò lè ju apá. Kí ó máa sinmi lójú ọ̀nà.

Àmì tí kò yẹ kí a fojú fò

Bí apá kan ṣoṣo kò bá mì dáadáa mọ́, láìsí ìpalára tàbí ìrora, ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àrùn Parkinson, tí ó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Ará ilé lè tètè rí i ju ẹni náà lọ. Ẹ má ṣe kà á sí ọ̀rọ̀ ogbó lásán. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n bí apá bá rọ lójijì, tí ẹnu wọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara, ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.