Ìtàn Òfin Igbó Mímu ní Ilẹ̀ Wa, Kí Òbí àti Onílé Lè Mọ̀

 

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí ní Òṣòdì kì í ṣe bóyá igbó dára tàbí kò dára. Ìyẹn ti yé wọn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, bí wọ́n bá mú ọmọ, kí ni òfin wí? Àwọn kan á ní owó béèlì ló máa parí ẹ̀. Àwọn kan á ní ọdún mẹ́wàá ni. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà á ní ṣebí wọ́n ti gbà á láàyè lọ́hùn-ún. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Òfin náà ló ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ṣe òfin lórí ẹ̀ fún wa, ní 1935, lẹ́yìn àdéhùn Geneva ti 1925. Aṣojú ilẹ̀ Íjíbítì, ilẹ̀ Musulumi, ló takú ní ìpàdé náà pé kí wọ́n ka hàṣíìṣì mọ́ egbòogi olóró. Nígbà yẹn igbó kò tíì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn ọmọ ogun wa tó ti ogun Hítílà bọ̀ láti Bọ́mà àti Íńdíà ló mú irúgbìn ẹ̀ wálé.

Ọdún 1966 ni ọ̀rọ̀ wá le. Ìjọba ológun gbé Díkírì 19 jáde: ẹni tó bá gbin igbó, ikú ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 21. Ẹni tó mu ún, tàbí tí wọ́n ká a mọ́ lọ́wọ́, ó kéré tán, ọdún 10. Nígbà tí ọlọ́pàá mú Fẹlá ní 1974, ní ilé ẹ̀ lójú ọ̀nà Agége Motor Road yìí kan náà tó gba Òṣòdì kọjá, ọdún mẹ́wàá yẹn ló ń dúró dè é. Ní 1975, díkírì mìíràn pa ìdájọ́ ikú rẹ́, ó sì sọ ti ẹni tó mu ún di oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn igba náírà. Ẹ wò ó! Ewé kan náà, ọdún mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín. Àwọn tó ń sọ pé owó ló máa parí ẹ̀, ti ayé ìgbà yẹn ni wọ́n ń sọ.

Díkírì 20 ti 1984, tí wọ́n torí ẹ̀ yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní April 1985, ti kokéènì àti heroin nìyẹn. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ti igbó.

Òfin tó dè wá lónìí ni Díkírì 48 ti 1989, tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Òun ni ìjọba alágbádá jogún, tó ti di òfin ilẹ̀. Ẹni tó gbìn ín tàbí tó tà á, ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni tó mu ún tàbí tó ní i lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 15, kò sì gbọ́dọ̀ ju 25 lọ. Èyí tí àwọn ènìyàn wa kò mọ̀ rárá ni ti onílé. Bí ẹ bá ní ilé ní Ìsọlọ̀ tàbí Ṣógúnlé, tí ẹ sì gbà kí ayálégbé máa kó o pamọ́ tàbí kó máa tà á níbẹ̀, ọdún 15 sí 25 kan náà ni fún ẹ̀yin náà. Béèlì kò sì parí ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ẹjọ́ ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Lọ́hùn-ún, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣe òfin tirẹ̀, bí Colorado àti Washington ti ṣe ní 2012. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lè kó ọjà Òṣòdì kúrò lójú títì, bí Fáṣọlá ti ṣe ní January 2009, ṣùgbọ́n kò lágbára lórí òfin igbó. Kódà nígbà tí Gómìnà Akérédolú ti Òǹdó lọ wo ọ̀rọ̀ igbó fún oògùn ní Thailand ní 2019, òun àti ọ̀gá NDLEA ni wọ́n jọ lọ.

Èrò tèmi ni pé ọdún 15 ti wúwo jù fún ọmọ tí wọ́n ká wíìpù kan mọ́ lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń dá ẹ̀wọ̀n tó kéré sí i tàbí owó ìtanràn. Kì í ṣe pé mo ń gbè sẹ́yìn igbó o. Àwọn onímọ̀ wa ti jiyàn lórí ìjìyà ẹ̀ tipẹ́. Ibn Taymiyya, tó kú ní 1328, ní bí wọ́n ṣe ń na ẹni tó mu ọtí ni kí wọ́n na ẹni tó jẹ hàṣíìṣì. Al-Qarāfī, àgbà nínú mẹ́sáábù Mọ́líìkì tí àwa ń tẹ̀lé, ní ó ń ba ọpọlọ jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọtí. Kí adájọ́ wo ẹni tó wà níwájú ẹ̀, kó fi ta'zīr tọ́ ọ sọ́nà. Àwọn méjèèjì gbà pé haraamu ni.

Ní May 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà dìbò pé kí ẹ̀wọ̀n gbére inú òfin 1989 di ikú. Ìbò ilé kan ṣoṣo kì í sọ nǹkan di òfin, àwọn aṣojú-ṣòfin kò sì fi ikú sínú tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ aṣojú Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Àbújá, ẹ bá mi bi í léèrè ibi tó dúró sí.