Ẹwìrì Inú Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń da ìjiyàn ẹ́ńjìnnì rú ní Yorùbá: agbára. Ẹnì kan á ní ẹ́ńjìnnì Ford lágbára ju ti Dodge lọ, ẹnìkejì á ní irọ́ ni, àwọn méjèèjì á sì jàre, torí pé ohun tí kálukú wọn ń wọ̀n kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ mú Mustang Shelby GT500 ti 2020, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Challenger Hellcat tó jáde fún ọdún 2015. Ọkọ̀ abarapá ni mo ń pe irú wọn, àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ̀ nínú. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn á fẹ́ pè é ní ọkọ̀ oníṣan, àmọ́ létí tèmi, iṣan dà bí ohun tí wọ́n ń wọ́ fún aláìsàn. Agbára ẹṣin 760 ni Ford kọ fún GT500, 707 ni Dodge kọ fún Hellcat. Ẹjọ́ parí? Kò ì parí. Bó bá jẹ́ líle tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí kíráńkì là ń wò, 650 pọ́n-ùn ẹsẹ̀-bàtà ni ti Dodge, 625 ni ti Ford. Ohun tó gbé Ford lékè ni pé kíráńkì rẹ̀ ń yí yára jù: ní ìyípo 6,000 ní ìṣẹ́jú kan ni agbára Dodge ti ń dé góńgó, nígbà tí ti Ford ń lọ dé 7,300.

Mo wá ya ọ̀rọ̀ náà sọ́nà mẹ́ta. Ipá ìyí ni líle tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí kíráńkì. Agbára ni ipá ìyí yẹn pẹ̀lú bí ìyípo ṣe pọ̀ tó nínú ìṣẹ́jú kan. Okun ni bí irin inú ẹ́ńjìnnì ṣe lè gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra tó kó má fọ́. Àwọn mẹkáníìkì kò nílò kí n kọ́ wọn: ẹni tó bá ní "mọ́tò yìí ò fà mọ́" ti sọ̀rọ̀ ipá ìyí.

Agbára ẹṣin fúnra rẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹṣin tí James Watt fi díwọ̀n ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin lébìrà ni, òun ni wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ kó máa yí i. Ogun ni ẹṣin Ọ̀yọ́ ń lọ, ọba àti ìjòyè ló ń gbé. Ta ni yóò so ó mọ́ ọlọ? Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà ti di ti gbogbo ayé, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ohun tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ abarapá wọ̀nyí ni mo ń pè ní ẹwìrì. Kì í ṣe pé mo kàn ń wá ohun tó jọ ọ́ láàárín ilé. Ní 1860, Philander àti Francis Roots, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Connersville ní ìpínlẹ̀ Indiana, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn, ilé ìyọ́rin ló sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí pé ó ń fẹ́ná fún wọn. Iṣẹ́ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló ń ṣe kó tó wọ inú ọkọ̀. Ìran ti Roots yẹn, tó ní awẹ́ bí obì, ló wà lórí GT500 àti Camaro ZL1 ti General Motors. Ẹwìrì aláwẹ́ nìyẹn. Ti Hellcat jẹ́ ẹwìrì onískúrúù, òpó méjì tó ń lọ́ mọ́ra tó sì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kó tó tì í jáde. Bẹ́líìtì láti ara kíráńkì ló ń yí gbogbo wọn, kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́: nígbà tí Hellcat bá ń sá tán pátápátá, ẹwìrì rẹ̀ nìkan ń jẹ nǹkan bí agbára ẹṣin 80. Tọ́bò ní tirẹ̀, èéfín ló ń yí i, a lè pè é ní ẹwìrì èéfín kí wọ́n má baà dàrú mọ́ra.

Orí okun ni mo ti rí wàhálà gidi. Irin tí wọ́n lù mọ́ àpẹẹrẹ ń le ju èyí tí wọ́n yọ́ tí wọ́n dà sínú rẹ̀ lọ. Alágbẹ̀dẹ ní ọ̀rọ̀ méjèèjì, rọ àti dà. Àmọ́ tí o bá ní "písítìn àdà", ohun tí wọ́n fi ń ṣánko lo sọ yẹn. Tí o bá kọ "písítìn rírọ", tí òǹtẹ̀wé sì ṣi àmì fi sí i, ó ti di rírọ̀ nìyẹn, písítìn tó le jù lọ ti di múlọ́múlọ́. Mo fi àlùrọ àti àyọ́dà bọ́ nínú rẹ̀.

General Motors fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì hàn dáadáa. Ẹ́ńjìnnì wọn méjì jọ jẹ́ lítà 6.2, àwọn méjèèjì ní ẹwìrì: LSA inú Camaro ZL1 ti 2012 ní agbára ẹṣin 580, LS9 inú Corvette ZR1 ti 2009 ní 638. Lórí ìwé, ìyàtọ̀ wọn kò ju 58 lọ. Nínú lọ́hùn-ún, písítìn LSA jẹ́ àyọ́dà, ti LS9 jẹ́ àlùrọ, àwọn ọ̀pá tó so písítìn LS9 mọ́ kíráńkì sì jẹ́ títéníọ́mù. Mustang Cobra ti 2003 tilẹ̀ dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ: lítà 4.6, agbára ẹṣin 390 péré, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù onírin, kíráńkì àti písítìn àlùrọ. Àwọn tó rà á kàn ń fi púlì kékeré pààrọ̀ èyí tó wà lára ẹwìrì, kó lè máa yí yára sí i, agbára á sì gòkè láìtú ẹ́ńjìnnì. Èyí tí iléeṣẹ́ kò kọ sílẹ̀, àmọ́ tí okun irin náà gbà láàyè, ni mo ń pè ní agbára àfipamọ́.

Afẹ́fẹ́ tí ẹwìrì ń tì wọlé, àkìsínú ni mo pè é, bí ọdẹ ṣe ń kì ìbọn. Ìwọ̀n tí fọkanáísà ń kà lórí géèjì táyà la fi ń wọ̀n ọ́n: 11.6 pọ́n-ùn lórí ìǹṣì onígun mẹ́rin ni ti Hellcat. Bí a bá sì ti ń kì í ni ooru rẹ̀ ń pọ̀, ìdí nìyẹn tí rédíétọ̀ afẹ́fẹ́ fi wà, láti mú un tutù.

Ooru yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀kì. Tí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ó ti kú nìyẹn, kí olówó máa wá owó òmíràn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun tó máa ń ṣíwájú ikú yẹn: epo àti afẹ́fẹ́ tó gbiná fúnra wọn nínú sílíńdà kí iná pọ́lọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbaná àìtọ́jọ́ ni mo sọ èyí. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún òkú ẹ́ńjìnnì. Ìgbaná àìtọ́jọ́ ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ní ẹwìrì ńlá máa kì í bó ṣe wù ú, epo tó bá sì lè kọ̀ fún un ló ń ṣínà. Nígbà tí Dodge gbé Demon 170 jáde ní 2023, tí àkìsínú rẹ̀ ti di 21.3, agbára ẹṣin 1,025 ló ní lórí epo E85 tí ẹtánọ́ọ̀lù kún inú rẹ̀. Lórí E10, bẹntiróò tí ẹtánọ́ọ̀lù díẹ̀ wà nínú rẹ̀, 900 ni ẹ́ńjìnnì kan náà ní.